Frank Hornby: Akọ̀wé owó tó sọ ojú irin ọmọdé di òwò tí kì í parí

Bí òbí bá ra ọkọ̀ ojú irin ìṣeré fún ọmọ, ohun tó sábà máa ń wà nínú páálí kò ju ẹ́ńjìnnì kan, ọkọ̀ ẹrù méjì tàbí mẹ́ta, àti ojú irin tó kàn tó láti ṣe òbìrìkìtì kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ̀ náà ṣì ń yí po lójú kan náà, kò dé ibì kankan, ọmọ sì ti ń wo ibòmíràn. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bẹ̀rẹ̀: irin wo ni kí wọ́n rà kún un?

Frank Hornby ni ọkùnrin tó fi ìbéèrè yìí lówó lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ẹnjiníà. Kò lọ sí fásitì. Akọ̀wé owó ni níbi tí wọ́n ti ń kó ẹran wọlé láti òkè òkun, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún 35 kó tó di pé ó mú páànù tó gé e láti fi ṣe nǹkan ìṣeré fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ ọlọ́jà ní Liverpool

Ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1863 ni wọ́n bí Hornby ní ìlú Liverpool. Èbúté yìí kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣòwò etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà náà, nítorí ibẹ̀ ni epo pupa láti Èkó àti àwọn ìlú Niger Delta ń gúnlẹ̀ sí. Ọlọ́jà tó ń ta nǹkan jíjẹ ni John, bàbá rẹ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni Hornby nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ tọ́jú owó ọjà. Ìwé tí Samuel Smiles kọ nípa àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà fún ara wọn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn láti kékeré. Ó tiẹ̀ gbìyànjú nígbà kan láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa yí títí láé láìsí ohunkóhun tó ń tì í. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí, òun náà kò sì rí i ṣe.

Lọ́dún 1887 ló fẹ́ Clara Godefroy, tó jẹ́ olùkọ́. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì, Roland àti Douglas, àti ọmọbìnrin kan, Patricia.

Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún 1899, wọ́n sì ti ilé ọjà náà pa. Hornby, tó ti ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ní láti wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. David Elliott, oníṣòwò ẹran, ló gbà á síṣẹ́ láti máa tọ́jú ìwé ìṣirò owó. Ẹni tó bá wò ó lọ́dún náà yóò sọ pé ọ̀nà tó kù fún un kò ju pé kó máa ṣírò owó olówó títí tí yóò fi darúgbó.

Kíréènì tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀

Láàárín àkókò yìí náà ló ń gé páànù ní alẹ́ láti fi ṣe afárá, ọkọ̀ ẹrù àti kíréènì kéékèèké fún Roland àti Douglas. Ìṣòro kan kò jẹ́ kó gbádùn iṣẹ́ náà. Ohun tó bá gé fún kíréènì kò wúlò fún afárá. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe tán pẹ̀lú nǹkan kan, gbogbo páànù tó wà lára rẹ̀ di òkú, bàbá á sì tún padà sídìí gígé.

Ìtàn tí Hornby sọ fúnra rẹ̀ nígbà tó yá ni pé inú ọkọ̀ ojú irin ni òun wà nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku ọ̀la, tí òun ń ro bí òun ṣe máa parí kíréènì kan, kí ojútùú tó wá sí òun lọ́kàn. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojútùú náà kò le rárá: kí gbogbo ọ̀pá páànù ní ìbú kan náà, kí ihò ara wọn sì jìnnà síra ní ìwọ̀n kan náà. Ìdajì íǹṣì ló fi ṣe ìbú wọn, ìdajì íǹṣì náà ló fi sáàárín ihò kan sí èkejì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì kan náà ló ń dè gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá tó jẹ́ apá kíréènì lánàá lè di ẹsẹ̀ afárá lónìí. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù lójú oníṣòwò ni pé ẹni tó ní ọ̀pá mẹ́wàá lè rí ìlò fún ọ̀pá kọkànlá nígbàkígbà.

Pọ́n-ùn márùn-ún tí ọ̀gá yá a

Hornby kò ní owó tí yóò fi gba ìwé àṣẹ ìjọba tí kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jí èrò náà lò. Elliott, ọ̀gá rẹ̀, ló yá a ní pọ́n-ùn 5. Oṣù Kìíní ọdún 1901 ló fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba. Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò kan ara wọn, àmọ́ ayé ojú irin ni ayé ìgbà náà, ọmọdé kò sì ní ṣàìfẹ́ ohun tó ń mú àgbà lórí yá.

Lọ́dún 1902, páálí àkọ́kọ́ dé ọjà. Mechanics Made Easy ni wọ́n pè é, ṣílè 7 àti sísì ni wọ́n sì ń tà á. Oríṣi irin 16 péré ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré tó fi bí wọ́n ṣe lè to nǹkan 12 hàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hele-Shaw, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Liverpool, rí i, ó sì kọ̀wé láti yìn ín. Ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ nílò irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Àwọn ẹlòmíràn ló ń bá Hornby rọ irin wọ̀nyí. Nígbà tó di 1907, wọn kò lè rọ ọ́ yá bí ọjà ṣe ń béèrè rẹ̀ mọ́. Hornby ní láti yan ọ̀kan: kó dúró sídìí ìwé ìṣirò ẹran, kí owó oṣù máa wọlé, tàbí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó yáwó, kó gba ilé, kó máa rọ irin fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 44 ni, ó sì ní ẹbí tó ń bọ́.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ló fi orúkọ Meccano sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ Meccano sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1908, Elliott kò bá a wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó yá ènìyàn ní pọ́n-ùn 5 àkọ́kọ́ yọwọ́ nínú òwò kó tó di ti olówó ńlá. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Ọgbọ́n tó wà nínú páálí Meccano ni ó yẹ kí ènìyàn fojú sí dáadáa, torí òun ni Hornby tún gbé lọ sídìí ojú irin. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe páálí. Ọmọ tó bá ní páálí 1 kò ní láti ra páálí 2 lódindi. Ó lè ra 1A, ìyẹn àfikún. Tó bá da 1 àti 1A pọ̀, páálí 2 ló dì yẹn. Tó bá tún ra 2A, ó di 3. Kò sí èyí tó ṣòfò nínú èyí tó ti rà tẹ́lẹ̀, kò sì sí bàbá tó lè sọ pé òun ti ra gbogbo rẹ̀ tán.

Ogun ló ṣí ọ̀nà

Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tó wà ní Yúróòpù, Jámánì ló ti ń wá. Iléeṣẹ́ Märklin ní Göppingen àti Bing ní Nuremberg ni ọ̀gá ọjà. Ogun dá òwò yẹn dúró. Nígbà tó parí, ọ̀pọ̀ òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ fi owó wọn ra ọjà Jámánì mọ́.

Hornby ti kọ́ iléeṣẹ́ ńlá sí òpópónà Binns Road ní Liverpool lọ́dún 1914, àwọn obìnrin sì pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1920 ló gbé ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ jáde. Sípíríǹgì tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ yí ló ń wà á. Bí Meccano, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ló so ó pọ̀, tí apá kan bá bàjẹ́, ọmọ lè ra ẹyọ rẹ̀ kó fi rọ́pò. Ó kùn wọ́n ní àwọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ojú irin tó wà nígbà náà, dúdú, pupa àti àwọ̀ ewé, kí ọmọ lè mú èyí tó jọ ọkọ̀ tó ń kọjá ní ìlú rẹ̀.

Irin wo ni kí wọ́n rà?

Ẹ́ńjìnnì ni ọmọdé ń wò nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ojú irin ni owó ń bá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìbú. Ojú irin Hornby fẹ̀ tó mílímítà 32 láàárín irin ọ̀tún àti tòsì. Kò sí bí ọkọ̀ ìbú mìíràn ṣe lè gun orí rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa lónìí: ọkọ̀ tó ń rìn lórí ojú irin àtijọ́ tó fẹ̀ ní mílímítà 1,067 kò lè gba orí ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, nítorí mílímítà 1,435 ni ìyẹn. Àṣìṣe tó ń ná ìjọba ní bílíọ̀nù, ó ń ná bàbá ọmọ náà ní nǹkan tirẹ̀.

Ohun kejì ni bí irin ṣe tẹ̀ tó. Hornby ṣe irin títẹ̀ ní oríṣi méjì tó gbajúmọ̀. Ọ̀kan, láti àárín òbìrìkìtì rẹ̀ dé etí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹyọ 6 ló ń yí i po. Èkejì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹyọ 12 ló ń gbà. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kéré yóò fẹ́ ti àkọ́kọ́. Àmọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì ńláńlá Hornby kò lè gba kọ́nà tó há bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá ra irin kọ́nà kékeré fún ọmọ tó ń retí ẹ́ńjìnnì ńlá nígbà Kérésìmesì tó ń bọ̀, ó ti ra òkúta.

Lẹ́yìn náà ni irin gbọọrọ, èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rà nítorí pé ó rọrùn láti lóye. Méjì-méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà á. Tí wọ́n bá fi ẹyọ kan sí apá kan òbìrìkìtì láìfi òmíràn sí apá kejì, etí irin kò ní pàdé. Ẹyọ méjì yóò sọ òbìrìkìtì di bí ẹyin. Ẹyọ mẹ́jọ yóò jẹ́ kó gùn, ọkọ̀ á sì rí ibi sáré. Síbẹ̀, yíyí náà ló ṣì ń yí.

Ohun tó ń yí eré padà ni irin ìyapa, èyí tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ti ọwọ́ òsì. Ẹyọ kan pẹ̀lú irin gbọọrọ díẹ̀ yóò fún ọmọ ní ibi tí ọkọ̀ ẹrù lè wọ̀ láti dúró. Ọkọ̀ wọlé, ó já ẹrù sílẹ̀, ó padà jáde lẹ́yìn. Eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọmọ ti ní ìpinnu láti ṣe. Tí wọ́n bá ní méjì, ọ̀tún kan òsì kan, ọ̀nà lè yà kó tún padà wọlé níwájú, kí ọkọ̀ kan dúró kí èkejì kọjá, bó ṣe ń rí ní ibùdókọ̀ gidi. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju kó ra nǹkan kan lọ, irin ìyapa ló yẹ kó rà ṣáájú irin gbọọrọ mẹ́fà.

Iléeṣẹ́ náà mọ gbogbo èyí. Ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ tó kún fún àwòrán bí wọ́n ṣe lè to ojú irin, ẹyọ tí ìtòsí kọ̀ọ̀kan ń gbà sì wà níbẹ̀, kí ọmọ lè mú un tọ bàbá lọ pẹ̀lú iye pàtó. Lọ́dún 1928, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní ojú irin Hornby, tó ní báàjì tirẹ̀. Ìwé ìròyìn Meccano Magazine, tí Hornby ti ń tẹ̀ láti ọdún 1916, ń mú ìpolówó àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọlé tọ àwọn ọmọ nínú ewé kan náà.

Ọgbọ́n gidi ni, ọgbọ́n tó ní ojú méjì. Ọmọ kọ́ ìṣirò, ìfètòsí àti sùúrù. Ọmọ náà ló tún di ẹni tó ń polówó ọjà fún iléeṣẹ́ nínú ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin nìkan sì ni ìpolówó náà ń bá sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ọmọbìnrin kò lè to irin.

Iná dé

Lọ́dún 1925, Hornby gbé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná jáde. Àwọn àkọ́kọ́ ń gba iná tààrà láti ara ògiri ilé, gílóòbù iná kan ló ń dín agbára rẹ̀ kù. Irin tí ọmọdé ń fọwọ́ kàn lórí ilẹ̀ ni iná yẹn ń gbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ètò náà tì, tí wọ́n padà sí iná tí agbára rẹ̀ kéré gan-an.

Iná tún mú yíyan irin le sí i. Ojú irin oníná ní irin kẹta láàárín, òun ló ń gbé iná wá, irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ń dá a padà. Ọkọ̀ sípíríǹgì lè rìn lórí rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ oníná kò lè rìn lórí irin ẹlẹ́yọ méjì ti àtijọ́. Ẹni tó ti ra irin sípíríǹgì fún ọdún mẹ́ta ní láti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Àǹfààní kan wà níbẹ̀: ojú irin lè yípo padà bọ̀ sí ara rẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí irin àárín kì í pàdé irin ẹ̀gbẹ́ láé. Lórí irin méjì, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yóò mú ọ̀tún kan òsì, iná á sì gbé ara rẹ̀.

Ilé aṣòfin àti ikú

Nígbà tí àwọn ọdún 1930 fi dé, Hornby ti di mílíọ́nìà, ó ń gbé ilé ńlá ní Maghull, lẹ́yìn Liverpool. Lọ́dún 1931, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Conservative láti ṣojú Everton, àdúgbò tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ti gba orúkọ. Ó fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Kò dùn tó iṣẹ́ irin, ó jọ bẹ́ẹ̀, torí kò díje mọ́ nígbà ìdìbò ọdún 1935.

Láàárín àkókò yẹn, iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ènìyàn àti mọ́tò kéékèèké láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Àwọn mọ́tò náà tà ju bí wọ́n ṣe rò lọ, lọ́dún 1934 wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tiwọn, Dinky Toys. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ Dinky kò mọ̀ pé àfikún ojú irin ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àìsàn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ló pa á ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1936, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 73. Maghull ni wọ́n sin ín sí. Roland, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gé páànù àkọ́kọ́ fún, ló di alága iléeṣẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ọdún méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, Hornby Dublo jáde, tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 16.5, bí ìdajì ti àtijọ́. Orí tábìlì gbà á. Síbẹ̀ irin kẹta ṣì wà láàárín. Nígbà tí àwọn abánidíje gbé ojú irin ẹlẹ́yọ méjì tó jọ ti gidi wá, tí owó rẹ̀ sì rọjú, Hornby lọ́ra. Ọdún 1959 ló tó yí padà, àwọn tó sì ti kó irin mẹ́ta jọ láti ọdún yìí wá di ẹni tí ẹ́ńjìnnì tuntun kò bá irin wọn mu. Ọ̀rọ̀ tó ti mú kí iléeṣẹ́ náà là, pé ohun tí ènìyàn ti rà kì í ṣòfò, já ní ibẹ̀.

Lọ́dún 1964, Lines Bros, tó ni àmì Tri-ang, gba Meccano. Iléeṣẹ́ Binns Road ti ilẹ̀kùn pa pátápátá ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979.

Orúkọ Hornby ṣì wà lára ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òbìrìkìtì tàbí ọ̀nà tó rí bí ẹyin ni ojú irin tó sábà máa ń wà nínú páálí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kún un, páálí àfikún wà lọ́tọ̀, láti A títí dé F, èyí tí wọ́n ń rà tẹ̀ lé ara wọn.